ÌTỌ́JÚ ARA NÍNÚ ILÉ: Ẹ̀jẹ̀ Ara Ẹni fún Ihò Eyín

Nínú àwọn lẹ́tà tí ó dé ọwọ́ wa, ọ̀kan wà tí a rò pé kò yẹ kí a dáhùn rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, nítorí ohun tí ó béèrè kan ọ̀pọ̀ ìdílé. Ìyá kan ni ó kọ ọ́. A ó fi orúkọ rẹ̀ àti ti ìlú rẹ̀ pamọ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí:

“Olóòtú ọ̀wọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn. Àkọ́bí mi ọkùnrin, ẹni ọdún 23, ní eyín kan ní ìkángun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tí ó dùbúlẹ̀ sínú egungun, tí kò lè hù jáde. Ibẹ̀ ti wú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan, tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè la ẹnu jẹun. Dókítà eyín wí pé iṣẹ́ abẹ ni a ó fi yọ ọ́. Èyí kò bà wá lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ó wí pẹ̀lú pé òun yóò kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ ní apá ọmọ náà, òun yóò fi í sínú ẹ̀rọ kan tí yóò máa yí i, òun yóò sì fi í sínú ihò eyín náà kí ó lè tètè jinná. Owó èyí yàtọ̀ sí owó iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí bàbá ọkọ mi gbọ́, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tí ó bá ti jáde kúrò lára ènìyàn kò tún gbọdọ̀ padà síbẹ̀ mọ́. Ọkọ mi dákẹ́. Ọmọ náà wí pé ohun tí a bá ní kí òun ṣe ni òun yóò ṣe. Irú eyín bẹ́ẹ̀ ni a yọ fún àbúrò mi obìnrin ní èṣí, ìrora tí ó sì jẹ ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ wí pé ó kọjá ti ìrọbí. Ṣé òtítọ́ ni ohun tí dókítà yìí ń wí, tàbí ọ̀nà àtigba owó ni?”

A dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá yìí nítorí tí kò dákẹ́. Àwọn àgbà wí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni a rí nínú lẹ́tà rẹ̀: èkíní, ǹjẹ́ ohun tí dókítà wí jẹ́ òtítọ́, èkejì, ǹjẹ́ ewu wà nínú rẹ̀, ẹ̀kẹta, ǹjẹ́ ó di dandan kí a san owó rẹ̀. A ó dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò sí bí ìdáhùn náà yóò ti yé wa bí a kò bá kọ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ihò tí eyín bá kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí a bá fa eyín yọ, ihò ni ó kù nínú egungun àgbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ a ru sínú ihò náà, kò sì ní í pẹ́ tí yóò fi dì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀jẹ̀ dídì yìí jẹ́ ìdọ̀tí tí ó yẹ kí a fi omi ṣàn nù kí ẹnu lè mọ́. Àṣìṣe ńlá nìyí. Ẹ̀jẹ̀ dídì náà ni ìdérí tí ó bo egungun tí ó wà ní ìhòòhò, òun náà sì ni ilẹ̀ tí ẹran titun yóò ti hù. Láti ara rẹ̀ ni ẹran ìdí eyín yóò ti máa pàdé díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí egungun titun yóò sì máa kún ihò náà ní ìsàlẹ̀ fún oṣù púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ẹ̀jẹ̀ ti í dì. Yàtọ̀ sí omi rẹ̀, àti àwọn hóró pupa tí í fún un ní àwọ̀, àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí, tí àwọn dókítà ń pè ní platelet. Nínú ẹ̀jẹ̀ ara ẹni tí ó le, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ a máa ní 150,000 sí 450,000 nínú wọn. Nígbà tí ọgbẹ́ bá ṣẹ̀, àwọn wọ̀nyí ni í kọ́kọ́ sáré dé ibẹ̀. Wọn a so mọ́ ara wọn, wọn a sì dí ojú iṣan tí ó ya. Lẹ́yìn náà ni okùn tín-ín-rín kan, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ fíbírìn, a ta ara rẹ̀ káàkiri ojú ọgbẹ́ náà bí òwú aláǹtakùn, a sì mú gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ dúró ṣinṣin.

Iṣẹ́ platelet kò parí síbẹ̀. Wọ́n ní èròjà nínú tí ó dàbí ońṣẹ́. Bí wọ́n ti dúró nínú àwọ̀n fíbírìn náà, wọn a máa tú àwọn ońṣẹ́ wọ̀nyí jáde láti pe àwọn tí yóò tún ibẹ̀ kọ́: àwọn tí ń hun ẹran, àwọn tí ń la iṣan ẹ̀jẹ̀ titun, àti àwọn tí ń ṣe egungun. Àwọn hóró funfun inú ẹ̀jẹ̀, tí í ṣe ọmọ-ogun ara, a sì máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí àrùn má ba à wọlé. Gbogbo èyí ni ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ dídì tí a ń fi omi ṣàn sọnù yìí.

Bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá wá yọ, tàbí bí ó bá yó dànù kí àkókò rẹ̀ tó pé, egungun yóò wà ní ìhòòhò. Oúnjẹ, itọ́ àti afẹ́fẹ́ yóò máa kan án. Ní ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn yíyọ eyín ni ìrora kan yóò dìde tí yóò máa ta dé etí àti ẹ̀bátí. Ẹnu a sì máa rùn. Ihò gbígbẹ ni a lè pè é ní èdè wa. Crawford ni ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1896, tí ó sì fún un ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá gbé e yẹ̀ wò, ó jọ pé ohun tí ó ṣe àbúrò ìyá wa yìí ní ọjọ́ kẹta nìyẹn. Nínú yíyọ eyín lásán, kì í sábà ju ènìyàn 1 sí 5 lọ nínú 100 tí í ṣe. Ṣùgbọ́n ní ti eyín ìkángun ìsàlẹ̀ tí a fi iṣẹ́ abẹ yọ, ó lè pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀púpọ̀, títí dé 30 nínú 100. Àwọn tí ń mu sìgá ni ó máa ń ṣe jù. Ó sì máa ń ṣe àwọn obìnrin tí ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí ju àwọn tí kò lò ó lọ.

Nísinsin yìí a lè dé orí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí ń yí ẹ̀jẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti ń wá ọ̀nà láti ìgbà pípẹ́ bí wọn yóò ti ran ẹ̀jẹ̀ dídì lọ́wọ́. Ní ọdún 1970, Helene Matras ní ìlú Vienna kọ̀wé nípa bí fíbírìn ti ń ṣe lórí ọgbẹ́ ara eku. Nígbà tí ó di ọdún 1997 àti 1998, Whitman, lẹ́yìn náà Marx, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa omi ẹ̀jẹ̀ tí platelet pọ̀ nínú rẹ̀, tí a ń pè ní PRP, fún iṣẹ́ abẹ ẹnu àti àgbọ̀n. Èyí dára, ṣùgbọ́n ó ní wàhálà. A ní láti po oògùn mọ́ ẹ̀jẹ̀ náà kí ó má ba à dì, kí a yí i nínú ẹ̀rọ, kí a sì tún po oògùn mìíràn mọ́ ọn kí ó lè dì. Nínú àwọn oògùn tí wọ́n ń lò fún èyí ni ohun tí a mú jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ màlúù. Ara àwọn ẹlòmíràn sì máa ń bá ohun tí ó ti ara màlúù wá yìí jà.

Ní ọdún 2001, dókítà ará Faransé kan, Joseph Choukroun, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, fi ọ̀nà tí ó rọrùn ju èyí lọ hàn. Wọ́n ní: èéṣe tí a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró kí ó má dì, nígbà tí ó jẹ́ pé dídì rẹ̀ gan-an ni a ń wá? Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ láìpo ohunkóhun mọ́ ọn, wọ́n sì yí i lójú kan náà, kí ó lè máa dì bí ó ti ń yí. Ohun tí wọ́n rí nínú ìgò náà ni a ń pè ní PRF, èyí tí í ṣe fíbírìn tí platelet pọ̀ nínú rẹ̀. Òun ni dókítà eyín ń sọ fún ìyá wa.

Báyìí ni a ti ń ṣe é. A ó gba ẹ̀jẹ̀ ní apá aláìsàn bí a ti í gbà á fún àyẹ̀wò. Ìgò kọ̀ọ̀kan a máa gba bí mílílítà 10, èyí tí kò ju ṣíbí ìmutíì méjì lọ. Ìgò méjì tàbí mẹ́rin ni ó sábà máa ń tó fún iṣẹ́ kékeré. Ẹni tí ó gba ẹ̀jẹ̀ náà kò gbọdọ̀ jókòó sọ̀rọ̀, nítorí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹ̀jẹ̀ yóò dì fúnra rẹ̀ nínú ìgò, gbogbo iṣẹ́ náà yóò sì di asán. Yóò gbé e sínú ẹ̀rọ lọ́gán. Ní ọ̀nà tí a kọ́kọ́ là sílẹ̀, ẹ̀rọ náà a máa yí ní ìgbà 2,700 láàárín ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú 12. Láti ọdún 2014, Ghanaati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Frankfurt, ní ilẹ̀ Jámánì, ti fi hàn pé bí a bá dín eré ẹ̀rọ náà kù sí 1,500, tí a sì jẹ́ kí ó yí fún ìṣẹ́jú 14, àwọn ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ a tàn káàkiri inú fíbírìn náà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti sẹ́ ògì rí yóò tètè mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìgò náà. Bí ògì bá sìlẹ̀ nínú ìkòkò, omidùn a dá dúró lókè, ògì gan-an a sì wà nísàlẹ̀, láìsí ẹni tí ó fi ọwọ́ yà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ tí a bá yí, ṣùgbọ́n ipele mẹ́ta ni tirẹ̀. Èyí tí ó wúwo jù, àwọn hóró pupa, a lọ sí ìsàlẹ̀. Omi kan tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú a wà lókè. Ní agbedeméjì àwọn méjèèjì ni a ó ti rí ohun kan tí ó dì, tí ó funfun díẹ̀, tí ó rọ̀ bí wàrà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Ohun agbedeméjì yìí ni fíbírìn náà, púpọ̀ nínú àwọn platelet àti àwọn hóró funfun tí ó wà nínú ìgò náà sì ti há sínú rẹ̀ bí ẹja inú àwọ̀n. Dókítà yóò fà á jáde, yóò gé ibi pupa ìdí rẹ̀ kúrò, yóò sì rọra tẹ̀ ẹ́ láàárín irin pẹlẹbẹ méjì títí yóò fi dàbí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Tàbí kí ó fi í sílẹ̀ ní ṣùkù láti fi dí ihò. Lẹ́yìn tí eyín bá ti jáde, a ó gbé e sínú ihò náà, a ó sì fi òwú rán ẹran ìdí eyín lé e lórí.

Kí ni ó wá sàn jù nínú èyí ju ẹ̀jẹ̀ tí ì bá dì níbẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ? Ohun méjì ni. Èkíní, àwọ̀n rẹ̀ ki, ó sì lágbára, nítorí náà kì í tètè yọ tàbí yó dànù. Èkejì, àwọn ońṣẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ jù, kì í sì tú wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà: díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń jáde fún ọ̀sẹ̀ kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ti PRP a máa jáde púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni gbogbo àṣírí rẹ̀. Kì í ṣe oògùn titun. Iṣẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣe láti ọjọ́ tí a ti dá ènìyàn ni a kó jọ sí ojú kan.

Ìdáhùn ìbéèrè èkíní nìyí: òtítọ́ ni dókítà náà ń wí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ibi tí òtítọ́ náà dé. Àwọn tí wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ ìdánwò jọ lórí eyín ìkángun ìsàlẹ̀ rí i pé PRF ń dín ìrora kù, ó ń mú kí ojú ọgbẹ́ tètè pàdé, ó sì ń dín ihò gbígbẹ kù. Ní ọdún 2013, Hoaglin àti Lines kọ̀wé pé nínú ihò eyín 200 tí a fi PRF sí, 2 péré ni ó gbẹ. Nínú 200 tí a kò fi sí, 19 ni ó gbẹ. Iye yìí wúni lórí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdánwò tí a fi kèké pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì, nítorí náà kí a má ṣe gbé gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé wa lé e. Ní ti egungun, ọ̀rọ̀ kò dán mọ́rán bẹ́ẹ̀: a kò tíì lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé PRF ń mú kí egungun kún ihò eyín kíákíá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní ti wíwú ẹ̀rẹ̀kẹ́, àbọ̀ àwọn ìdánwò kò bá ara wọn mu.

Ibòmíràn wà tí ó ti ṣe rere. Nígbà tí àrùn ìdí eyín bá ti jẹ egungun tí ó di eyín mú títí ó fi di kòtò, a lè la ẹran ìdí eyín náà, kí a fọ ibẹ̀ mọ́, kí a sì fi PRF kún kòtò náà. Sharma àti Pradeep ní ìlú Bangalore, ní ilẹ̀ Íńdíà, ṣe ìdánwò èyí, wọ́n sì kọ̀wé rẹ̀ ní ọdún 2011 pé egungun kún kòtò náà ju ti àwọn tí a kàn là tí a sì fọ̀ lásán lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè nìkan ni èyí. Ní ọdún 2011 kan náà, àwọn dókítà mẹ́ta ní Ilé-Ifẹ̀ tẹ àbọ̀ ìdánwò tiwọn jáde lórí eyín ìkángun ìsàlẹ̀ tí a fi iṣẹ́ abẹ yọ. PRP, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n PRF, ni wọ́n lò. Wọ́n rí i pé ìrora àwọn tí a fi í sí dín kù ju ti àwọn yòókù lọ ní tòótọ́; ní ti wíwú àti egungun, ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí a lè tẹ̀ lé. Ẹ kíyèsí i pé ohun tí àwọn ará Ifẹ̀ rí kò jìnnà sí ohun tí àwọn ẹlòmíràn rí: ìrora ni ó kọ́kọ́ ń dín kù.

Ìbéèrè kejì ni ti ewu, níhìn-ín ni a ó sì ti dá Bàbá lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀rù tí ó ba Bàbá kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun eré, a sì ti rí àrùn búburú tí ó ti ipa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn wọ ilé. Ṣùgbọ́n kí ìyá wa fi sùúrù sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn kọ́ ni èyí, kì í ṣe ti ẹranko, a kò sì ní í dá a padà sínú iṣan. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ni yóò kún ihò náà bí a bá fẹ́, bí a bá sì kọ̀. Bí a kò bá gba ti apá, ti àgbọ̀n yóò ru síbẹ̀ yóò sì dì. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò ju pé èyí gba ọ̀nà apá kọjá, ó sì dúró nínú ìgò fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó tó dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kan náà ì bá dé. A gbà pé bí Bàbá bá gbọ́ ọ báyìí, ọkàn wọn yóò balẹ̀.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ náà, ọwọ́ ẹni tí ń ṣe é ni ó wà. Bí abẹ́rẹ́ bá dọ̀tí, tàbí bí a bá ṣi ìgò ẹnìkan gbé fún ẹlòmíràn, rere yóò di ibi. Nítorí náà kí ọmọ náà àti ẹni tí ó bá sìn ín lọ béèrè nǹkan wọ̀nyí láìtijú: ǹjẹ́ abẹ́rẹ́ àti ìgò jẹ́ titun, a ó sì já wọn lójú wa? Ǹjẹ́ a ó kọ orúkọ ọmọ yìí sára ìgò rẹ̀? Ǹjẹ́ a kò ní í po ohunkóhun mọ́ ẹ̀jẹ̀ náà? Ẹ̀ẹ̀melòó ni dókítà ti ṣe irú rẹ̀? Dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Aláìsàn pẹ̀lú ní ohun tí ó gbọdọ̀ sọ. Bí ó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí oògùn tí ń mú egungun le, bí ó bá ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí àrùn inú ẹ̀jẹ̀, tàbí bí ọgbẹ́ rẹ̀ kì í bá tètè dá ẹ̀jẹ̀ dúró, kí ó sọ ọ́ kí a tó fi ọwọ́ kan eyín rẹ̀. Kí ó má sì ṣe dá oògùn kankan dúró fúnra rẹ̀ nítorí eyín. Dókítà tí ó kọ oògùn náà fún un ni yóò pinnu èyí.

Ìbéèrè kẹta ni ti owó, òun ni ó sì ṣòro jù, nítorí àpò olúkúlùkù ni ó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ohun tí àwa rí nìyí. Bí eyín náà bá ti dùbúlẹ̀ sínú egungun, tí a ó sì gé egungun kí ó tó jáde, tí owó náà kò sì ní í fa ìnira sínú ilé, a kò rí ìdí tí a fi gbọdọ̀ kọ̀ ọ́. Ó ṣeé ṣe kí ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ irú ìrora tí ó bá àbúrò ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí owó náà yóò bá jẹ owó ilé-ìwé àwọn àbúrò rẹ̀, tàbí bí yóò bá mú kí ẹ sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú títí ibẹ̀ yóò fi tún wú, ẹ jẹ́ kí a yọ eyín náà láìsí PRF. Ẹgbàágbèje ènìyàn ni a ti yọ irú eyín bẹ́ẹ̀ fún tí kò lò ó, tí ọgbẹ́ wọn sì jinná dáadáa. Bí dókítà kan bá sì wí fún yín pé bí kò bá sí èyí ọgbẹ́ kò ní í jinná láé, tàbí pé bí ó bá ti wà kò sí ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ mọ́, ẹ ṣọ́ra fún un.

Ohun kan ṣẹ́ kù, òun gan-an ni a sì fẹ́ kí gbogbo ilé tí ó ń ka ìwé wa yìí mú dání. Àwọn àgbà wí pé oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣe sí ẹ̀jẹ̀ dídì tí Ẹlẹ́dàá fi dí ihò eyín wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó san owó fún PRF, tí ó sì fi omi iyọ̀ ṣan ẹnu kíkankíkan ní alẹ́ ọjọ́ náà, ti da owó rẹ̀ nù pẹ̀lú omi náà. Ẹni tí kò sì ní owó PRF, tí ó tọ́jú ẹ̀jẹ̀ dídì rẹ̀ bí ẹyin, ti ṣe èyí tí ó tóbi jù nínú iṣẹ́ náà.

Nítorí náà, bí a bá yọ eyín fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yín, ẹ ṣe báyìí. Kí ó fi eyín tẹ òwú tí dókítà bá fi sí i lẹ́nu fún ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ó má sì máa ṣí i wò. Fún odindi ọjọ́ kan kí ó má ṣe ṣan ẹnu, kí ó má ṣe máa tutọ́ tipátipá, kí ó má sì fi ẹnu fa ohun mímu nínú ìgò, nítorí fífà a máa fa ẹ̀jẹ̀ dídì yọ. Ẹ fún un ní ẹ̀kọ tútù, tàbí ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí ó ti tutù. Oúnjẹ gbígbóná àti ata kò yẹ ní ọjọ́ náà. Sìgá àti ọtí kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀. Kí ó má ṣe fi pákò, ahọ́n tàbí ìka tọ ihò náà wò. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí aládùúgbò kan kó tábà lílọ̀ tàbí oògùnkóògùn sínú rẹ̀. Kí ó fọ àwọn eyín yòókù bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó di ọjọ́ kejì kí ó tó fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí a fi iyọ̀ díẹ̀ sí máa rọra ṣan ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ, kí ó jẹ́ kí omi náà dà jáde fúnra rẹ̀.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà tí kò dúró, tàbí bí ìrora tí ó ti ń lọ sílẹ̀ bá tún dìde ní ọjọ́ kẹta, kí ó má ṣe jókòó sílé máa gbé oògùn ìrora mì títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe. Kí ó padà tọ dókítà lọ. Dókítà yóò fi omi mímọ́ fọ ihò náà, yóò sì fi oògùn bò ó. Ìrora náà kì í sábà pẹ́ kí ó tó rọlẹ̀. Bí ẹnìkan bá ti sọ èyí fún àbúrò ìyá wa ní èṣí, ì bá má jìyà tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá wa, ìdáhùn wa nìyí. Ẹ ka ìwé yìí sí etí Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọkọ yín pẹ̀lú sọ̀rọ̀, kí ẹ sì jọ fi ohùn ṣọ̀kan kí ọmọ náà tó lọ, nítorí kò dára kí ó jókòó lórí àga dókítà pẹ̀lú ọkàn méjì. Bí ẹ bá gba ti ẹ̀jẹ̀ náà, ire ni. Bí ẹ kò bá gbà á, kí iṣẹ́ abẹ náà má ṣe tìtorí rẹ̀ dúró. Inú wa yóò dùn bí ẹ bá kọ̀wé sí wa lẹ́yìn rẹ̀, kí àwọn olùkàwé yòókù lè mọ bí ó ti rí.

A dúró níhìn-ín ná. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.